Orí Kẹfà: Fóònù Tó Ń Ṣe Iṣẹ́ Rìmóòtù

Ẹni tó bá wọ ọjà Mont-Bouët ní Libreville, olú-ìlú Gabon, tó kọjá ìsọ̀ aláṣọ àti ti oníbàtà, kò ní pẹ́ kan àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ: wáyà, ṣájà, gíláàsì ojú fóònù, àti rìmóòtù tí wọ́n fi ọ̀rá dì lọ́kọ̀ọ̀kan. Yorùbá láti Nàìjíríà àti Olómìnira Benin wà lára àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ti ń nájà nílùú yìí tipẹ́. Bí oníbàárà bá mú rìmóòtù tó daṣẹ́ sílẹ̀ wá, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sáré tú u. Yóò yọ fóònù rẹ̀ jáde, yóò ṣí kámẹ́rà, yóò kọ iwájú rìmóòtù sí i, yóò sì tẹ bọ́tìnì. Bí ìmọ́lẹ̀ kékeré aláwọ̀ àlùkò bá ń ṣẹ́jú lójú fóònù, rìmóòtù yẹn ò kú. Kí wọ́n lọ yẹ tẹlifíṣọ̀n wò. Bí kò bá sí ohunkóhun, ó lè jẹ́ bátìrì, ó lè jẹ́ pé ọ̀rinrin àti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ irin tó di bátìrì mú. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun nílùú tí òjò rẹ̀ pọ̀ tó ti Libreville.

Fóònù tó rí ìmọ́lẹ̀ rìmóòtù yìí, ṣé òun náà lè tan irú rẹ̀? Òmíràn lè ṣe é, òmíràn ò lè ṣe é. Síbẹ̀, èyí tí kò lè ṣe é tún lè máa darí tẹlifíṣọ̀n látorí àga. Ohun tí orí yìí fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dání ni pé áàpù nìkan kò sọ fóònù di rìmóòtù. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà dé etí tẹlifíṣọ̀n ni kókó, ọ̀nà méjì ló sì wọ́pọ̀: ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó mọ èyí tí fóònù òun ní, tó mọ èyí tí tẹlifíṣọ̀n òun ń gbọ́, kò ní máa gba áàpù mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín alẹ́ kan.

Láti orí wáyà dé orí ìmọ́lẹ̀

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, àti nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba dé Libreville lọ́dún 1963, ẹni tó bá fẹ́ dín ohùn kù ní láti dìde. Ọmọdé ilé ni wọ́n sábà máa ń rán. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Zenith ti Chicago ti ń wá bí òǹwòran ò ṣe ní dìde mọ́. Lọ́dún 1950, wọ́n gbé Lazy Bones jáde, rìmóòtù tó fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ wáyà náà ń gbé àwọn ènìyàn ṣubú nínú yàrá. Ní 1955, ẹnjiníà Zenith kan tó ń jẹ́ Eugene Polley ṣe Flash-Matic, tí kò ní wáyà rárá. Iná tọ́ọ̀ṣì ni: òǹwòran yóò tàn án sí ọ̀kan nínú igun mẹ́rin tẹlifíṣọ̀n, igun kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó kó bá a ni pé oòrùn náà ń tan iná. Bí ìtànṣán bá gba ojú fèrèsé wọlé, tẹlifíṣọ̀n lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìkànnì padà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ní 1956, Robert Adler, tí òun náà wà ní Zenith, pa ìmọ́lẹ̀ tì, ó lọ mú ohùn. Inú Space Command rẹ̀ ni ọ̀pá alumíníọ̀mù wẹ́wẹ́ wà. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, òòlù kékeré kan yóò lu ọ̀pá, ọ̀pá yóò fọ ohùn tó tinrin ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ, tẹlifíṣọ̀n yóò sì gbọ́ ọ. Kò lo bátìrì kankan. Irú rìmóòtù bẹ́ẹ̀ ló wà lóde fún ohun tó lé ní ogún ọdún, kí infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ

Infrared ni ìmọ́lẹ̀ tó wà kọjá pupa, tí ojú ènìyàn kò rí, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fóònù rí. Kámẹ́rà iwájú ló sábà máa ń rí i jù. Àwọn tẹ̀yìn kan ní gíláàsì tó ń sé e mọ́ta. Èyí tí rìmóòtù ń lò wà ní nǹkan bí 940 nánómítà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ wàhálà oòrùn tó ba Flash-Matic jẹ́ kò le: wọn kì í kàn tan iná náà kalẹ̀, wọ́n ń mú kó ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Oòrùn kì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, gílóòbù ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kékeré tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n yóò wá kọ etí ikún sí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí kò bá ní àmì yìí.

Orí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó ń kú yìí ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lé. Bọ́tìnì tó ń tan tẹlifíṣọ̀n LG, tó tún ń pa á, dára fún àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà rẹ̀, bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú 0 dé 9 àti A dé F, ni 20DF10EF. 20 ni orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè, 10 ni iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe. DF àti EF kò mú ọ̀rọ̀ tuntun wá: bí wọ́n bá kọ 20 ní òdo àti ení, tí wọ́n sọ gbogbo òdo di ení, tí wọ́n sọ gbogbo ení di òdo, DF ni yóò jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni 10 ṣe ń di EF. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì, lójú àti lẹ́yìn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá gbọ́ méjèèjì tí wọn ò bára mu, ó mọ̀ pé nǹkan ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́nà, kò sì ní mira.

Ìlànà NEC ni wọ́n ń pe ètò yìí, láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ Japan tó gbé e kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gígùn kan ló ń ṣáájú, tó gba 9 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ìdákẹ́ 4.5 tẹ̀ lé e. Òdo àti ení 32 wá tò lẹ́yìn. Òdo kan gba 1.125, ení kan gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Níwọ̀n bí gbogbo nọ́ńbà ti ń lọ lójú àti lẹ́yìn, òdo 16 àti ení 16 ni yóò máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, èyí ló fà á tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà fi ń gba nǹkan bí 67.5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ì báà jẹ́ títan, ì báà jẹ́ ohùn, ì báà jẹ́ ìkànnì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣiyèméjì, kó mú bírò.

Samsung ń lo E0E040BF fún iṣẹ́ kan náà. Orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń tún sọ bó ṣe wà, kì í yí i padà, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣáájú sì kúrú ju ti NEC lọ. Sony ní ìlànà tirẹ̀. Philips ní RC-5, tó ń ṣẹ́jú nígbà 36,000. Abájọ tí áàpù rìmóòtù fi máa ń béèrè orúkọ tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ ènìyàn, táá ní kó tẹ bọ́tìnì kan wò, kó wí bóyá tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ẹ. Inú àká kóòdù ló ti ń wá èyí tó bá mu.

Lọ́dún 2013, Samsung fi gílóòbù infrared sórí Galaxy S4, HTC náà fi í sórí HTC One. Ọdún yẹn kan náà ni Android 4.4 jáde, tó jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ áàpù lè pàṣẹ fún gílóòbù náà lọ́nà kan ṣoṣo: wọn yóò sọ iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú, wọn yóò to bó ṣe máa tàn pẹ́ tó àti bó ṣe máa kú pẹ́ tó. Lẹ́yìn Galaxy S6 ti 2015, Samsung yọ ọ́ kúrò lórí àwọn fóònù olówó ńlá rẹ̀. iPhone ò ní i rí. Xiaomi ni kò jẹ́ kó parun. Ọ̀pọ̀ Redmi ló ní i, áàpù Mi Remote sì ń bá wọn wá láti ilé-iṣẹ́. Àwọn Infinix àti Tecno kan tó jáde láìpẹ́ náà ní i. Òkè fóònù ni kí ènìyàn wò: ojú dúdú kékeré kan ni, tí kò ju orí ìṣó lọ. Fóònù tí kò bá ní i, kò sí áàpù tó lè dá a sí i lára. Bọ́tìnì aláwọ̀ mèremère ni áàpù náà yóò máa fi hàn, tẹlifíṣọ̀n yóò sì máa wò ó, àyàfi bí ènìyàn bá ra gílóòbù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò ṣájà.

Infrared kì í béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ 20DF10EF bó ṣe yẹ, LG yóò dá a lóhùn. Lọ́dún 2004, ará Amẹ́ríkà kan, Mitch Altman, gbé TV-B-Gone jáde, ohun kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ní; bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, yóò máa ka kóòdù pípa tẹlifíṣọ̀n oríṣiríṣi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan èyí tó wà níwájú rẹ̀. Redmi inú àpò ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Libreville náà ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 2012, tí Zambia fi pẹ́nárítì 8 sí 7 gba ife mọ́ Ivory Coast lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi fóònù pa tẹlifíṣọ̀n ilé ọtí kan ní àdúgbò Louis nírú àkókò pẹ́nárítì bẹ́ẹ̀, kó ti múra àtisáré. Téèpù tó nípọn lójú tẹlifíṣọ̀n lè dí ọ̀nà mọ́ ọn, àmọ́ yóò dí ọ̀nà mọ́ rìmóòtù onílé náà.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá áàpù lẹ́bi láìṣẹ̀. Ní ilé tí wọ́n ti ń wo Canal+, ẹ̀rọ méjì ló wà níwájú wọn. Dẹkódà ló ni ìkànnì. Tẹlifíṣọ̀n ló ni àwòrán àti títan ara rẹ̀. Áàpù tó mọ kóòdù Samsung nìkan lè gbé ohùn sókè, kó pa tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa kúrò lórí ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn, torí kò tíì bá dẹkódà sọ̀rọ̀ rí. Àfi kí onílé kọ dẹkódà náà sínú áàpù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ kejì. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan máa ń fi okùn HDMI gbé àṣẹ ránṣẹ́ sí ohun tí wọ́n so mọ́ wọn, CEC ni orúkọ ètò náà. Ó ṣe wẹ́kú nígbà tó bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó pọ̀ ló jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ti pa á kí wọ́n tó tà á, inú ètò tẹlifíṣọ̀n ni ènìyàn yóò ti lọ tan án.

Ọ̀nà kejì: nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé

Tẹlifíṣọ̀n tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sí i lójú. Apple ló tètè fi èyí han ayé: ní oṣù Keje 2008, tí wọ́n ṣí ilé ìtajà áàpù wọn, áàpù Remote wà lára ohun tó wà níbẹ̀, Wi-Fi ló sì fi ń darí Apple TV. Android TV dé lọ́dún 2014. Lónìí, áàpù Google TV ní rìmóòtù nínú, Samsung ní SmartThings, LG ní ThinQ, gbogbo wọn sì ń gba ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí wọ́n ṣe ń rí ara wọn yẹ ní wíwò. Fóònù yóò kọ́kọ́ ké jáde sí adírẹ́sì kan tí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé lè máa tẹ́tí sí, 224.0.0.251, ní ẹnu-ọ̀nà 5353, pé ta ló ń gba àṣẹ níbí. Tẹlifíṣọ̀n tó bá wà yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò fi adírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyẹn ni orúkọ tí onílé máa ń rí lójú fóònù láìjẹ́ pé ó kọ ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí, tẹlifíṣọ̀n yóò gbé kóòdù kúkúrú kan sójú, onílé yóò kọ ọ́ sínú fóònù. Ti Samsung, ìbéèrè ló máa ń gbé jáde, kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n kọ̀. Ẹni tí kò bá rí ojú tẹlifíṣọ̀n náà kò lè parí ètò yìí. Nítorí náà, ọmọ aládùúgbò tí kò sí nínú yàrá kò lè fi ọ̀nà yìí pa tẹlifíṣọ̀n ẹlòmíràn bí ẹlẹ́tàn inú ilé ọtí ṣe lè fi infrared pa á. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é: fóònù àti tẹlifíṣọ̀n yóò tọ́jú ẹ̀rí pé àwọn ti mọra, ọ̀rọ̀ tó bá sì kọjá láàárín wọn yóò wà ní dídì, kí ẹ̀rọ mìíràn má baà kà á.

Ohun tó ń dá ètò yìí rú jù ni nǹkan kékeré. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí Wi-Fi ilé, fóònù sì wà lórí dátà Airtel tàbí ti Moov Africa Gabon Telecom. Méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, YouTube ń ṣí lórí fóònù, YouTube ń ṣí lórí tẹlifíṣọ̀n, áàpù sì ń wí pé òun ò rí ẹ̀rọ kankan. Òótọ́ ló ń sọ. Igbe tí fóònù ké kò lè jáde kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà. Kí wọ́n pa dátà, kí wọ́n wọ Wi-Fi ilé, tẹlifíṣọ̀n yóò fojú hàn. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ó lè jẹ́ pé Wi-Fi kan náà ni méjèèjì wà, síbẹ̀ kí wọ́n má ríra, nítorí pé wọ́n to ẹ̀rọ ibẹ̀ kí oníyàrá kan má baà rí ti oníyàrá kejì. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Láti ibi yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín Wi-Fi àti íntánẹ́ẹ̀tì, Libreville sì ní àpẹẹrẹ tó le. Ní Sátidé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2023, tí wọ́n dìbò ààrẹ ní Gabon, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n dá RFI, France 24 àti TV5 Monde dúró. Ó di ọjọ́ 30, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ti jáde lórí ìkànnì Gabon 24 láti kéde pé àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Ali Bongo, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó padà dé. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, WhatsApp dákẹ́, YouTube dákẹ́. Ṣùgbọ́n ráútà tó wà nínú ilé kò kú. Ìsọfúnni tó ń ti orí fóònù lọ sọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n ní yàrá kan náà kò gba ìta kọjá, kò dé ọ̀dọ̀ Airtel, kò dé orí okùn abẹ́ òkun tó gba Libreville kọjá. Ẹni tó ti so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí tí kò fi ní lè gbé ohùn Gabon 24 sókè. Ohun tó máa kú ni pípa àṣẹ pẹ̀lú ohùn ẹnu, torí orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó wà lókè òkun ni wọ́n ti ń túmọ̀ ohùn, àti àwọn áàpù bíi SmartThings tó máa ń lọ béèrè àkáǹtì ẹni lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kó tó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Iná tó ń lọ ń bọ̀ ń fi ìyàtọ̀ mìíràn hàn. Délestage ni wọ́n ń pè é ní Libreville, ó sì le gan-an ní 2024 àti 2025. Bí iná bá dé padà, ráútà yóò gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jí, tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ lè wà ní ojú oorun, pẹ̀lú gílóòbù pupa kékeré nìkan. Infrared yóò jí i lójú ẹsẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè jí i tàbí kó má lè jí i: ó nílò kí onílé ti gbà fún tẹlifíṣọ̀n nínú ètò rẹ̀ pé kó máa fi etí kan sílẹ̀ nígbà tó bá sùn. Ìpè tí wọ́n fi ń jí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní bírà tirẹ̀: FF mẹ́fà ni, kí adírẹ́sì káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, káàdì náà yóò sì dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ láìjí kọ̀ǹpútà inú tẹlifíṣọ̀n títí tó fi dájú pé òun ni wọ́n ń pè.

Ìṣòro tó ń dun àwọn ènìyàn jù ni ti ẹni tó kó kúrò ní àdúgbò PK8 lọ sí Owendo, tí rìmóòtù sọnù nínú ẹrù. Áàpù wà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ò sí lórí Wi-Fi tuntun. Kò sì sí bó ṣe máa dé orí Wi-Fi tuntun láìsí rìmóòtù tí wọn yóò fi yàn án. Fóònù tó ní infrared ni oògùn rẹ̀. Bí kò bá sí, máòsì kọ̀ǹpútà tí wọ́n kì bọ ihò USB máa ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ Android TV. Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan sì wà tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò: wọn yóò tan hotspot lórí fóònù kan, wọn yóò fún un ní orúkọ Wi-Fi ilé àtijọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, lẹ́tà ńlá sí lẹ́tà ńlá. Tẹlifíṣọ̀n yóò rò pé òun ṣì wà ní PK8, yóò wọlé. Fóònù kejì yóò wọ hotspot kan náà, yóò rí tẹlifíṣọ̀n, yóò sì mú un lọ sórí Wi-Fi tuntun.

Bí ó bá jẹ́ ti ohùn àti ìkànnì nìkan, rìmóòtù tó wà nílé tó. Ibi tí fóònù ti borí rẹ̀ pátápátá ni kíkọ̀wé. Ẹni tó ń wá eré Yorùbá lórí YouTube ní Libreville pẹ̀lú rìmóòtù ń rin lẹ́tà kan sí èkejì pẹ̀lú ọfà, ó tẹ̀, ó rìn, ó tẹ̀, bó bá sì ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ yóò padà sẹ́yìn. Lórí áàpù, pátákó ìkọ̀wé fóònù ló ń jáde. Gboard ní Yorùbá pẹ̀lú ẹ àti ṣ rẹ̀, orúkọ òṣèré yóò sì jáde bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé. Fún àgbàlagbà tí ojú ò ríran dáadáa mọ́, àfikún mìíràn wà níbẹ̀: lẹ́tà ojú fóònù ṣe é sọ di ńlá, TalkBack sì lè ka orúkọ bọ́tìnì jáde, ohun tí rìmóòtù lásán kò lè ṣe. Bí ó ti wù kó rí, kí ẹnikẹ́ni má torí áàpù sọ rìmóòtù ilé nù. Fóònù máa ń jáde pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Rìmóòtù a máa dúró de àwọn tó kù nílé.

Yíyan áàpù

Ní oṣù Kìíní 2019, ilé-iṣẹ́ ààbò Trend Micro kéde pé àwọn rí áàpù 85 lórí Google Play tí wọ́n ṣe bí eré tàbí rìmóòtù, tó jẹ́ pé ìpolówó ni wọ́n wà fún. Àwọn ènìyàn ti gbà wọ́n sílẹ̀ nígbà mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Èyí tó tà jù nínú wọn ni Easy Universal TV Remote, tó ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ènìyàn yóò ṣí i, ìpolówó yóò bo gbogbo ojú fóònù. Yóò tẹ bọ́tìnì, ìpolówó mìíràn yóò dé. Lẹ́yìn náà áàpù yóò fi ara pamọ́, táá sì máa da ìpolówó síta láti ibi tó sá sí. Google yọ wọ́n kúrò. Irú wọn kò tán lórí ilẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà méjèèjì lè fi ohun tí áàpù ń tọrọ mọ irú ẹni tó jẹ́. Áàpù infrared kò nílò ju àṣẹ títan gílóòbù lọ. Èyí tó ń gba Wi-Fi nílò àtirí ẹ̀rọ inú ilé, tí iPhone sì ti ń béèrè fún gbangba láti iOS 14 ti 2020. Gbohùngbohùn lè bọ́gbọ́n mu bí ó bá ń gbọ́ àṣẹ ẹnu. Ṣùgbọ́n rìmóòtù tó ń fẹ́ mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù, tàbí tó ń fẹ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló wá darí. Ibi tó tọ́ láti kọ́kọ́ wò ni áàpù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ gbé jáde.

Iṣẹ́ fún kíláàsì

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà fóònù wo iwájú rìmóòtù ilé wọn, tẹ̀yìn àti tiwájú, kó kọ èyí tó rí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kóòdù tó ń gbé ohùn LG sókè ni 20DF40BF: kó kọ ọ́ ní òdo àti ení, kó fi hàn pé BF ni ẹ̀yìn 40, kó sì ṣírò bí yóò ti pẹ́ tó kó tó tàn tán.

Fún ìjíròrò: nínú ilé kan ní Nzeng-Ayong, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn délestage. Tẹlifíṣọ̀n náà jẹ́ Samsung, dẹkódà Canal+ wà lábẹ́ rẹ̀, rìmóòtù méjèèjì ò sí níbi tí ojú lè tó. iPhone kan àti Redmi kan ló wà lórí tábìlì, iPhone wà lórí dátà Airtel. Bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, lórí ìkànnì dẹkódà. Fóònù wo ni wọn yóò kọ́kọ́ mú, ẹ̀rọ wo ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, kí sì nìdí?